Gbèdéke Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Nereida Fún Wọn

Ogójì ìṣẹ́jú ni àwọn àgbà dókítà eyín mẹ́ta fi da ìbéèrè bo Nereida Cavazos, kò sì sí ọ̀kan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bi í nípa egungun àgbọ̀n, ó dáhùn. Wọ́n bi í nípa ọdún mẹ́rin tó ti fi ń ran dókítà eyín lọ́wọ́ nílùú Weslaco, ó ṣàlàyé títí ọ̀kan nínú wọn fi ń mi orí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, èyí tó dàgbà jù nínú wọn, Dókítà Halvorsen onírun funfun, bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ó dáa. Ìwọ náà ńkọ́? Kí lo fẹ́ bi wá?"

Nereida ká ọwọ́ lé itan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò sí o, sà. Gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Ó dìde, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, ó wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin padà sílé, ó sì ń kọrin lọ́nà bí ẹni tí wọ́n ti gbé kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀kọ́ dókítà eyín tó fẹ́ wọ̀ lé lọ́wọ́.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ní Àfonífojì, ní gúúsù Téksáàsì níbi tí odò ti pààlà pẹ̀lú Mẹ́síkò, ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa kì í tẹjú mọ́ àgbàlagbà kó wá máa bi í léèrè ọ̀rọ̀. Láti kékeré ni Oralia, ìyá rẹ̀, ti ń sọ fún un pé ọmọbìnrin tó bá pa ẹnu mọ́ ni ẹwà rẹ̀ ń yọ. Nereida rò pé ìwà ọmọlúàbí lòun gbé kalẹ̀ níwájú àwọn dókítà yẹn, ó sì dá a lójú pé wọ́n rí i.

Lóṣù kẹta, lẹ́tà dé. Wọ́n kọ̀ ọ́.

Ó lọ sunkún nínú balùwẹ̀ kílíníìkì, ó bọ́jú, ó sì padà wá di iná mú fún ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó pe ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ náà, nítorí wọ́n máa ń gbà kí ẹni tí wọ́n kọ̀ béèrè ìdí. Obìnrin tó gbé fóònù ka ìwé rẹ̀ díẹ̀, ó ní: "Máàkì rẹ dára. Ìwà rẹ náà dára. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ síbí: kò béèrè ohunkóhun, a ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ wa."

Ọ̀rọ̀ náà dun Nereida ju kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ ọ́ lọ. Ohun tí wọ́n fi ń yìn ín nílé náà ló ba tirẹ̀ jẹ́ lóde.

Eleuterio, bàbá rẹ̀, kò sọ púpọ̀. Olórí àwọn tó ń ká ọsàn gírépù ni, ọgbọ̀n ọdún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àkàbà ló gbá a lẹ́nu lọ́jọ́ kan nínú oko, tí eyín méjì iwájú bọ́ sílẹ̀, láti ìgbà náà ló ti ń fi àkẹtẹ̀ bo ẹnu bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Gbogbo aládùúgbò ló ń gba orí afárá sọdá odò sí Progreso ní Mẹ́síkò, níbi tí àwọn dókítà eyín ti tò bí ilé ìtajà, àmọ́ Eleuterio kọ̀ jálẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò ní tanná wo ẹnu mi," á ní, "èmi kì í ṣe ẹṣin tí wọ́n fẹ́ rà." Síbẹ̀ ọkùnrin yìí kan náà ni kì í lè jẹun tán kó má sọ fún àlejò pé ọmọ òun máa di dókítà eyín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Efraín Longoria máa ń wá sí kílíníìkì. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó ń ṣe eyín àtọwọ́dá nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ nílùú Donna, ìyẹ̀fun funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ kì í sì í kúrò nípéǹpéjú rẹ̀. Nereida ló máa ń gba eyín lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló yan àwọ̀ yìí?" ó bi í bó ṣe ṣí àpótí. "Ó ti funfun jù. Ìyá àgbà ọlọ́gọ́rin ọdún ló ni ín o, kì í ṣe ìyàwó tuntun. Ìgbà mélòó lẹ gbé e sínú iná? Tó bá wá kán sí i lẹ́nu ńkọ́?"

Efraín gbé àpótí tó kù sílẹ̀. "Arábìnrin, ẹ ṣe sùúrù. Lórí eyín kan ṣoṣo, ẹ ti bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Mo sì gbọ́ pé ẹ dé iwájú àwọn àgbà dókítà lọ́hùn-ún, ẹ ò rí ẹyọ kan bi wọ́n."

Ojú ti Nereida. Ọ̀rọ̀ kì í pamọ́ ní Weslaco. "Àgbà ni àwọn yẹn. Ẹ̀yin kì í ṣe àgbà mi."

"Kí wá ni mo jẹ́ sí yín?"

Nereida yí padà. Ó kó àpótí wọlé, etí rẹ̀ ń gbóná títí wọ́n fi ti kílíníìkì lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Efraín ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ gbọ́. Àwọn dókítà tó ń jáde láwọn ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ mi ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń wá. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀dà ẹnu aláìsàn ránṣẹ́ sí mi báyìí, mo ti mọ èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ kó tó jáde, mo sì mọ èyí tó kàn ń nàgà wo ọwọ́ olùkọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ò rí bákan náà. Ẹ lọ bi wọ́n: eyín mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín? Abèèrè kì í ṣìnà."

"Kí n bi àgbàlagbà bẹ́ẹ̀? Wọ́n á ní mo gbójú."

"Wọ́n ti ní ẹ ò béèrè. Èwo ló burú jù?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo Ìṣẹ́gun, nígbà tí ọ̀gá bá jáde lọ jẹun, Efraín á gun àga aláìsàn, á fi awò ojú ọ̀gá sí imú, á gbé ohùn rẹ̀ wúwo: "Omidan Cavazos, ṣé o ní ìbéèrè fún wa?"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tó jáde lẹ́nu Nereida ni, "Ṣé ẹ ti jẹun, sà?"

"Wọ́n ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì!" Efraín rẹ́rìn-ín títí awò ojú fi já bọ́.

Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ẹnu rẹ̀ là. Ó kọ́ láti béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kùnà nínú iṣẹ́ kan, ṣé wọ́n ń lé e ni tàbí wọ́n ń kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kọ́ láti sọ pé òun fẹ́ bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ níbi tí olùkọ́ ò sí. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, ó ti fi "ẹ" sílẹ̀, ó ti ń pe Efraín ní "ìwọ", kò sì rántí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Lóṣù kẹwàá, Efraín bọ́ awò ojú náà fúnra rẹ̀. "Nere, èmi náà ní ìbéèrè kan, kì í ṣe ti íntáfíù."

Nereida mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó ti ń retí rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó di apá àga mú. Ní ìṣẹ́jú kan náà, ẹ̀rù bà á. Aṣọ funfun kan wà nínú àpótí aṣọ ìyá rẹ̀ nílé, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Sáà méjì péré ni Oralia fi wọ̀ ọ́, ó wá lọ́kọ, ó sì kúrò. Kò ráhùn rí. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ló ń fọ aṣọ náà, tó ń lọ̀ ọ́, tó sì ń dá a padà sínú àpótí. Nereida fẹ́ràn Efraín, kò fẹ́ purọ́ fún ara rẹ̀ lórí ìyẹn. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé Oralia náà fẹ́ràn Eleuterio.

"Rán àwọn alárinà," ó sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n mo lè ní ohun tí mo fẹ́ sọ."

Àṣà ibẹ̀ ni pé ọkọ ìyàwó kì í fúnra rẹ̀ tọrọ ọmọ; àwọn àgbà, tí wọ́n ń fi Don tàbí Doña pọ́n lé, ló ń bá a lọ. Don Chema, bàbá ìsàmì Efraín, àti ìyàwó rẹ̀ Doña Hortensia ló wá lọ́jọ́ Àìkú, pẹ̀lú búrẹ́dì dídùn nínú apẹ̀rẹ̀. Efraín jókòó sínú ọkọ̀ níta, ó ń làágùn. Nereida wà ní ilé ìdáná bí wọ́n ṣe ní kí ọmọ tí wọ́n wá tọrọ máa wà.

"Don Eleuterio," Don Chema bẹ̀rẹ̀, "ọmọ wa kan rí ìmọ́lẹ̀ nínú ilé yìí, kò gbádùn ibòmíràn mọ́."

"Kó lọ ra àtùpà," ni Eleuterio fi dá a lóhùn. "Dókítà ni ọmọ mi fẹ́ dà. Ọmọ tiyín ń mọ eyín lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀."

"Eyín tó ń mọ yẹn ni àwọn dókítà ń gbé sẹ́nu èèyàn! Bí kò bá sí i, kí ni wọ́n máa fi sí i, èèpo ọsàn?"

"Chema, mi ò bú iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé obìnrin tó bá ti lọ́kọ, ìwé rẹ̀ parí."

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí Nereida fi gbé kọfí wọlé. Ó yẹ kó gbé e kalẹ̀ kó sì yí padà. Ó gbé e kalẹ̀, kò yí padà.

"Don Chema, ẹ má bínú, mo ní ìbéèrè kan. Nínú àwọn obìnrin tó wọ ilé yín nígbà tí wọ́n ṣì ń kàwé, mélòó ló kà á parí?"

Don Chema wo ìyàwó rẹ̀. "Ṣé ọmọ yìí ń fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ni?"

"Dá a lóhùn," ni Doña Hortensia sọ.

Don Chema na ìka, ó ń ka ìyàwó àwọn ọmọ rẹ̀ àti ti àwọn àbúrò rẹ̀. Ìka náà padà wálẹ̀. "Kò sí," ó wí. "Mẹ́ta bẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tó parí."

Eleuterio ti gbé àkẹtẹ̀ sókè, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín ẹni tó borí ẹjọ́. Ohùn kan wá láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Oralia ni, ó dúró, ó fi aṣọ ìnuwọ́ sí èjìká.

"Eleuterio. Nílé tiwa ńkọ́?"

Àkẹtẹ̀ dúró lójú kan. Nígbà tí Eleuterio máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo mú un kúrò. Mi ò tiẹ̀ bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀."

"O ò bi mí," ni Oralia sọ. Ó wá jókòó láàárín wọn, ó sì bu kọfí fún ara rẹ̀.

Àṣà náà fún bàbá láyè láti dá gbèdéke kó tó dáhùn. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún làwọn mìíràn ń dá. Eleuterio dá tirẹ̀ sí ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá sọ̀rọ̀. "Kó padà lọ síwájú wọn. Bí wọ́n bá mú un, kí ọmọ yín wá fi ohun tí kò ní jẹ́ kó di Oralia kejì hàn mí, kó má sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Títí dìgbà náà, wọn ò gbọdọ̀ rí ara wọn."

Oṣù méjì gbáko! Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Efraín ń fi eyín sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà, á sì yí padà. Nereida á máa gbọ́ ohùn ọkọ̀ rẹ̀, kò ní lè jáde. Ṣùgbọ́n ìwé kékeré kan máa ń wà lára àpótí eyín kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kọ irú eyín àti àwọ̀ rẹ̀ sí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ó kà á báyìí: *Eyín òkè, apá ọ̀tún. Àwọ̀: ti àgbàlagbà. Bi wọ́n: ta ló ń wá aláìsàn, ilé ẹ̀kọ́ ni tàbí akẹ́kọ̀ọ́?* Ọ̀sẹ̀ kejì mú òmíràn wá. Nereida ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tọ́jú wọn sápò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" nínú ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ kò sí lẹ́tà ìfẹ́ tó lè dùn tó wọn.

Lóṣù kọkànlá ilé ẹ̀kọ́ tún pè é. Eleuterio ló fi ọkọ̀ gbé e lọ. Fún wákàtí mẹ́ta kò sọ ju ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lọ, àfìgbà tí wọ́n sún mọ́ ìlú.

"Ọmọ mi, bí mo bá fẹ́ kó àwọn èèyàn mi lọ sí oko tuntun, ohun kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi olóko: lọ́dún tó kọjá, àwọn mélòó ló bẹ̀rẹ̀ ìkórè lọ́dọ̀ rẹ, mélòó ló parí? Olóko tí kò bá mọ iye wọn, mi ò ní kó ọmọ ọlọ́mọ fún un." Ó wo iwájú. "Mo ń bi àwọn olóko bẹ́ẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún. Ilé ara mi ni mi ò bi."

Dókítà Halvorsen náà ló tún jókòó láàárín. Nígbà tó yá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí lo fẹ́ bi wá?"

Nereida kó ìwé kékeré méje jáde lápò, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó béèrè iye eyín tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, wọ́n sì sọ ọ́. Ó béèrè ẹni tó ń wá aláìsàn. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fúnra rẹ̀ wá ìdajì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìwé méje tán, ó béèrè ti bàbá rẹ̀.

"Láàárín ọdún mẹ́wàá, àwọn ọmọ Àfonífojì mélòó ló bẹ̀rẹ̀ níbí? Mélòó ló parí?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Dókítà Halvorsen fi awò rẹ̀ sójú padà. "Ẹnikẹ́ni ò bi wá bẹ́ẹ̀ rí. A máa wò ó."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó pinnu lórí mi, kí èmi náà lè pinnu lórí yín."

Ó kó ìwé méje náà padà sápò, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó sì jáde lọ bá bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Lóṣù kejìlá, Dókítà Halvorsen fúnra rẹ̀ ló pè. Nereida tẹ fóònù kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀," bàbá arúgbó náà sọ. "Márùn-ún parí. Mo wá àwọn mẹ́rin tó kù títí mo fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun kan náà ni wọ́n sọ. Ìlú jìnnà sílé wọn, wọn ò mọ ẹnì kankan, wọn ò rí aláìsàn tó pé. Wọn ò sọ fún wa, àwa náà ò béèrè. Ojú tì mí, a sì ti ń tún un ṣe. Omidan Cavazos, ààyè rẹ wà nílẹ̀. Ṣé ìwọ náà gbà wá?"

Oralia fọwọ́ bo ẹnu. Eleuterio ń mi orí, pé kó yára sọ bẹ́ẹ̀ ni. Nereida wo àwọn méjèèjì, ó ronú kan àwọn mẹ́rin tó padà sílé wọ̀nyẹn, ó sì ronú kan aṣọ funfun inú àpótí.

"Ẹ ṣeun gan-an ni, sà. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta!" Eleuterio fẹ́ ṣubú. "Ṣé orí rẹ pé? Àwọn dókítà ńlá ńlá!" Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó mú lọ́jọ́ kejì, kò sí ẹni tó wà lórí àkàbà nínú oko gírépù náà tí kò tíì gbọ́. "Ẹ gbọ́ mi," ó ń pariwo láti ìdí igi kan dé ìkejì, "ọmọ mi dá gbèdéke fún wọn! Fún àwọn dókítà! Ó ní kí wọ́n ṣì dúró ná!"

Lọ́jọ́ kẹta àwọn alárinà padà wá. Eleuterio fúnra rẹ̀ ló jáde lọ kan gíláàsì ọkọ̀. "Ìwọ náà wọlé. Òógùn tó o làá lọ́jọ́ sí ti tó."

Efraín wọlé, ìyẹ̀fun ṣì wà nípéǹpéjú rẹ̀. Ó wo Nereida lẹ́ẹ̀kan, ó wá tẹjú mọ́lẹ̀. Ó fa ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin yọ lápò àyà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Don Eleuterio, ẹ ní kí n má sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Ìbéèrè pé ta ló ń wá aláìsàn ló mú mi ronú. Nígbà tí mi ò lè rí i, mò ń lọ láti ilé dé ilé, ní Donna, ní Weslaco, ní gbogbo ibi tí mò ń gbé eyín lọ. Èèyàn mẹ́tàlélógójì nìyí. Wọ́n ti gbà pé ọwọ́ Nere làwọn fẹ́ ti gba ìtọ́jú eyín. Èmi ni màá máa fi ọkọ̀ gbé wọn lọ ní gbogbo ọjọ́ Jimọ̀, lálọ àti lábọ̀, títí yóò fi jáde."

Nereida ka ìwé náà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ kó tó dé ìlà karùn-ún. Ìyá àgbà ọlọ́gọ́rin ọdún yẹn wà níbẹ̀. Doña Hortensia wà níbẹ̀. Oralia wà níbẹ̀, ó sì ti fọwọ́ sí i láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

"Bi í," ni Eleuterio sọ fún Don Chema. "Má bi mí. Òun ni kó o bi."

Don Chema ò tíì ṣe irú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń ṣe alárinà. Ó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà, ó tún ohùn ṣe. "Nereida, ọmọ wa ń tọrọ rẹ. Kí lo rí sí i?"

"Mo gbà á," ni Nereida wí. "Mo sì gba ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn méjèèjì ti dáhùn ohun tí mo béèrè."

Inú gbogbo wọn dùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Oralia ti dì mọ́ Efraín. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí Eleuterio tó tẹ̀ sórí ìwé náà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán, nítorí ìwé kíkọ kì í yá a lọ́wọ́. Lókè pátápátá, ṣáájú orúkọ àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ gàdàgbà: *Eleuterio Cavazos. Méjì. Iwájú, lókè.*

Ó gbé àkẹtẹ̀ rẹ̀ fún ọkọ ọmọ rẹ̀ pé kó bá òun dì í mú, ó sì rẹ́rìn-ín lójú gbogbo wọn.